Ibi Tí Oúnjẹ Ti Wá: Orúkọ Ìlú Lára Ọjà, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré

Ẹni tó fẹ́ gún iyán nílẹ̀ wa kì í ra iṣu lọ́jà Ìkẹ́rẹ́ láìbéèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Ìyá oníṣu kì í bínú sí ìbéèrè yìí, torí òun náà mọ̀ pé ilẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹsì. Orúkọ ìlú la fi ń pè é: Ìgbẹmọ níhìn-ín ní Èkìtì, Ọ̀fàdà lọ́dọ̀ àwọn ará Ògùn. Ohun tí ìjọba ayé òde òní ń fi òfin béèrè, ẹnu ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá ti kúrò níwájú ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀, ẹnu kò lè tẹ̀lé e mọ́, àfi ìwé tí a kọ sára rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ ìjọba lórí oúnjẹ àti oògùn, ló ń mójú tó ìwé náà. Òfin 15 ti ọdún 1993 ló dá àjọ náà sílẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni pé oúnjẹ tí a ti dì sínú agolo, ọ̀rá, páálí tàbí ìgò gbọ́dọ̀ gbé orúkọ rẹ̀ àti àwọn èròjà inú rẹ̀ síta, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, orílẹ̀-èdè tó ti wá, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, èdè mìíràn lè bá a rìn. Ó wù mí kí Yorùbá máa bá a rìn, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ra nǹkan wọ̀nyí ló lè ka èdè tiwa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹran ló le jù. Ẹran orí pẹpẹ alápatà kò sí nínú páálí. Ọ̀pọ̀ màlúù tí a ń pa ní gúúsù Èkìtì wá láti Òkè Ọya, àmọ́ ohun tí dókítà ẹranko ń yẹ̀ wò níbi ìpẹran ni bóyá ara ẹran náà le, kì í ṣe ibi tó ti wá. Ẹja inú yìnyín tiẹ̀ ń gbé orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wọ̀lú lára páálí. Bí wọ́n bá ti fọ́ páálí náà tí wọ́n da ẹja sínú ọpọ́n, ó di Títúsì tàbí kọ́tẹ̀ lásán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè ní kí wọ́n fi páálí han òun kí wọ́n tó jù ú nù. Ní ti adìẹ àti tòlótòló inú yìnyín tó ń gba Kùtọnú wọlé, fàyàwọ́ ni. Láti ọdún 2003 ni Nàìjíríà ti fòfin dè é, ọjà fàyàwọ́ kò sì ní ìwé tí ẹnikẹ́ni lè gbára lé.

Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fi òfin mú ẹran. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn ti ọdún 2002 àti ti 2008 pa á láṣẹ fún àwọn ilé ìtajà ńlá láti kọ orílẹ̀-èdè sára ẹran màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn, ewúrẹ́ àti adìẹ, títí dé ẹja, èso, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà. Kánádà àti Mẹ́síkò pe ẹjọ́ ní Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé pé òfin náà ń ti màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ àwọn sẹ́yìn. Wọ́n jàre. Lọ́dún 2015, àjọ náà gbà wọ́n láyè láti gbẹ̀san lórí ọjà Amẹ́ríkà tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, kí Oṣù Kejìlá sì tó parí, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ti yọ màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nínú òfin náà. Ewúrẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ Èmùré tó bá ra ẹran ewúrẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Houston lè kà á lára rẹ̀ pé Ọsirélíà ló ti wá. Ìyá rẹ̀ nílé kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà.

Kòkó ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Codex Alimentarius, ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí àjọ oúnjẹ FAO àti àjọ ìlera WHO dá sílẹ̀ lọ́dún 1963, sọ pé bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ kan ní orílẹ̀-èdè kejì títí ìṣẹ̀dá rẹ̀ fi yí padà, orílẹ̀-èdè kejì ni kí a kà sí ibi tó ti wá. Ẹ wò ó báyìí: àgbẹ̀ ní Ọ̀rún Èkìtì là kòkó, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó sá a, ó ń rò ó nínú oòrùn títí ó fi gbẹ. Bí wọ́n bá fi ṣe ṣokoléètì ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ló dà. Ìrẹ́jẹ ni mo pe èyí, nítorí iṣẹ́ tó fún kòkó ní adùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn.

Nísinsìnyí, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti padà wá béèrè oko náà gan-an. Òfin wọn 2023/1115 kan kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, igi gẹdú àti màlúù. Ẹni tó bá ń kó wọn wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ fi hàn lórí àwòrán ilẹ̀ ibi tí oko wà, àti pé wọn kò pa igbó run níbẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú: ó di 30 Oṣù Kejìlá 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, 30 Oṣù Kẹfà 2027 fún àwọn kéékèèké. Àárín ìkórè ńlá ni ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn bọ́ sí fún wa.

Òfin yìí kàn wá níhìn-ín ní Èkìtì: igbó ìjọba Ìsẹ̀, tó fẹ̀ tó 142 kìlómítà níbùú-lóròó, wà lára ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣẹ́kù sí ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Àwọn agẹdú àti oko kòkó ti jẹ wọ inú rẹ̀. Oko tí wọ́n bá gé nínú igbó náà lẹ́yìn ọjọ́ tí òfin dá kò lè ta kòkó sí Yúróòpù. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìgba àṣẹ kò yọ, nítorí òfin náà tún ní kí oko bá òfin orílẹ̀-èdè tirẹ̀ mu. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ mọ́ kò ní wàhálà púpọ̀: bí oko kò bá tó hẹ́kítà mẹ́rin, àmì ibi kan ṣoṣo tí fóònù lè gbà sílẹ̀ láàárín oko tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní láti ya gbogbo ààlà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á jọ ni ewu wà. Òfin náà kò gba àdàlù, bí wọ́n bá sì da àpò kan tí wọn kò mọ oko rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù, gbogbo ẹrù náà ni kò ní wọlé.