Iye Tó Ń Ṣáájú Ọjà Dórí Àtẹ

Kí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lórúkọ tó gbé ohun tuntun sórí àtẹ, ó máa ń ti kéde nígbà mìíràn iye tó rò pé òun yóò rí tà láàárín ọdún ìṣúná, ìyẹn oṣù méjìlá tó fi ń ṣírò owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ìkéde yìí ni àsọtẹ́lẹ̀ ìtajà. Àwọn onípìn-ín, ìyẹn àwọn tó fowó ra ìdá kan nínú ilé-iṣẹ́ náà, ń fi í díwọ̀n èrè tí wọn yóò jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń pèsè ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ń gbójú lé e kí wọ́n tó ṣe tiwọn sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ṣì í sọ ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sínú àdánù.

Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìlú Kyoto ní Jàpáànù, tọ́ èyí wò. Wii U, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, wọ ọjà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé òun yóò ta mílíọ̀nù 9 nínú ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2013. Nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 2014 dé, tí ọdún Kérésìmesì tí ọjà géèmù máa ń yá jù lọ ti kọjá, ó ní láti fa iye náà wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 2.8, kó sì jẹ́wọ́ pé èrè bílíọ̀nù 100 yẹ́ẹ̀nì tí òun ń retí ti di àdánù bílíọ̀nù 35. Satoru Iwata, ọ̀gá àgbà rẹ̀, gé ìdajì owó oṣù ara rẹ̀ fún oṣù márùn-ún.

Nígbà tí Switch, ẹ̀rọ géèmù Nintendo tó tẹ̀ lé Wii U, dé ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Tatsumi Kimishima tó ti rọ́pò Iwata sọ pé mílíọ̀nù 10 ni wọn yóò tà nínú ọdún ìṣúná tó tẹ̀ lé e. Ìṣirò tó lọ́gbọ́n gidi ni, torí pé iye náà pọ̀ tó láti fi ọkàn àwọn tó ń ṣe géèmù balẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Kẹwàá wọ́n gbé e sókè sí mílíọ̀nù 14, ní oṣù Kìíní ọdún 2018 wọ́n tún sọ ọ́ di 15, ọdún ìṣúná náà sì parí sí mílíọ̀nù 15.05. Ẹni tó bá fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sọ̀rọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu pátápátá, nítorí iye tí a bá fẹ́ tà ni à ń ra ẹ̀yà ara dè: ní Jàpáànù lọ́dún náà, Switch wọ́n débi pé àwọn ilé ìtajà ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò rí i rà.

Apple gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2007, Steve Jobs, ọ̀gá àgbà rẹ̀ nígbà náà, kéde gbangba pé mílíọ̀nù 10 fóònù iPhone ni àwọn ń lé fún ọdún 2008. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò ní máa sọ iye fóònù tí òun tà mọ́, owó tó wọlé nìkan ni òun yóò máa sọ. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Tim Cook, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nígbà náà, fi kọ lẹ́tà sí àwọn onípìn-ín pé owó tí yóò wọlé láàárín oṣù mẹ́ta tó parí ọdún 2018 yóò jẹ́ bílíọ̀nù 84 dọ́là, dípò bílíọ̀nù 89 sí 93 tí àwọn ti sọ. Lọ́jọ́ kejì, iye owó ìpín Apple já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìgbà tí wọ́n ti dá Apple sílẹ̀ títí di ìgbà náà, oṣù mẹ́ta kan ṣoṣo péré ni owó tó wọlé fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.