Kọ̀ǹpútà ti di ọ̀ta nídìí ṣẹ́ẹ̀sì: Ǹjẹ́ ó lè kọ́ ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń ta á?

Bí ẹ bá rí ọmọ yín tó jókòó ti fóònù, tó fajú ro, tó gbé ìka sókè tí kò tètè gbé e kalẹ̀, ẹ má tíì pariwo mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ló ń ta, kó sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà inú fóònù náà ni wọ́n jọ ń ta á. Ọ̀pọ̀ òbí àti àgbà ló ń béèrè pé kí ni àǹfààní irú eré bẹ́ẹ̀, àti pé ṣé kò ní sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ náà tó àlàyé ṣe.

A lè pe ṣẹ́ẹ̀sì ní ayò òyìnbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Íńdíà ló ti ṣẹ̀ ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Pátákó rẹ̀ ní ojú 64. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ 16: ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì àti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń rìn. Ẹni tó bá ká ọba ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ débi tí kò rí ibi sá sí, òun ló pa á.

Bí ẹ̀rọ ṣe dé ìdí ayò

Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ní 1770, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wolfgang von Kempelen gbé ère kan tó wé láwàní síwájú Ọbabìnrin Maria Theresa ní ìlú Vienna. Ère náà jókòó sẹ́yìn àpótí, ó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì ń pa àwọn ènìyàn láyò. Napoleon pàápàá bá a ta ní 1809. Àṣé ènìyàn ni wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí!

Ẹ̀tàn nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ọ̀rọ̀ náà di òótọ́. Alan Turing, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa ta ṣẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tó lè lò ó nígbà náà. Ní 1952, òun fúnra rẹ̀ jókòó pẹ̀lú bébà, ó ń ṣe ìṣirò náà bí ẹní jẹ́ ẹ̀rọ. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ló ń gbà á kó tó gbé ọmọ kan. Ẹni tó bá a ta ló pa á.

Ní oṣù Kejì 1996, ẹ̀rọ Deep Blue ti iléeṣẹ́ IBM kojú Garry Kasparov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó jẹ́ ọ̀ta jù lọ lágbàáyé nígbà náà. Kasparov borí pẹ̀lú máàkì 4 sí 2. Ní oṣù Karùn-ún 1997, wọ́n tún pàdé ní New York. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ló borí, 3½ sí 2½. Ẹ̀rọ náà lè yẹ ojú eré bíi mílíọ̀nù 200 wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lónìí, ètò orí fóònù lásán lè pa ẹnikẹ́ni tó wà láyé.

Báwo ló ṣe ń rò ó?

Ìṣirò ló ń ṣe. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà 20 ni ẹni àkọ́kọ́ lè gbà ta. Ẹnìkejì náà ní 20. Kí àwọn méjèèjì tó ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré, ó ti di ọ̀nà 400. Kọ̀ǹpútà á máa bi ara rẹ̀ pé: "Bí mo bá gbé èyí, kí ni yóò gbé? Bó bá gbé ìyẹn ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ni yóò díye lé ibi tí ó já sí. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ máàkì 1, ẹṣin tàbí bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ 3, ilé ìṣọ́ jẹ́ 5, ayaba jẹ́ 9. Ọ̀ta ayò tó ń fojú ka ọmọ inú ihò kó tó ta, ohun kan náà ló ń ṣe.

Ní 2017, iléeṣẹ́ DeepMind ní London gbé òmíràn jáde tó ń jẹ́ AlphaZero. Òfin eré nìkan ni wọ́n fún un, òun àti ara rẹ̀ ló ń ta, ó sì di ọ̀gá láàárín wákàtí díẹ̀. Ó bá Stockfish, tí òun náà jẹ́ ọ̀ta inú kọ̀ǹpútà, ta ìgbà 100. Ó pa á nígbà 28, wọ́n ta ọ̀mì nígbà 72. Stockfish kò pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ má rò pé ayò tiwa bọ́ lọ́wọ́ wọn o. Ní 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, lo kọ̀ǹpútà láti tú àṣírí Awari, ìbátan ayò ọlọ́pọ́n, tó ní ihò 12 àti ọmọ 48. Ojú eré tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní bílíọ̀nù 889. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọ̀ta méjì kò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni yóò já sí.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀

Ní abúlé tí kò ti sí olùkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ yìí lè dípò rẹ̀. Ẹ lè dín agbára rẹ̀ kù títí yóò fi bá ọ̀pẹ mu. Bí ọmọ bá ṣì í ta, ó lè dá ọmọ ayò padà kó tún un ta. Bí eré bá parí, ẹ̀rọ á fi ibi tó ti ṣìnà hàn án. Kì í bínú, kì í sì í fi ọ̀pẹ ṣẹ̀sín bí àwọn ará ìdí ayò ti ń ṣe. Stockfish àti Lichess kò gba kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ló sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù. Ẹ̀yin àgbà náà lè fi mú ọpọlọ yín jí.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dára tí kò ní àléébù. Ọmọ tó bá ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà pé "kí ni kí n gbé?" kò kọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ rò ó. Ẹ fún un ní àkókò tó ní ìwọ̀n, kí iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ ìwé má baà fara gbá a. Ẹ sì kìlọ̀ fún un nípa màgòmágó. Ní 2019, wọ́n ká àgbà ọ̀ta kan mọ́ ibi tó ti ń yọ́ fóònù wò nílé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi ìdíje kan ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Wọ́n gba oyè rẹ̀, wọ́n sì fòfin de é fún ọdún mẹ́fà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan di alábàáṣeré ọmọ. Tunde Onakoya, tó dàgbà ní Ìkòròdú, nínú ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rún ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ní 2018, ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní Èkó. Ní oṣù Kẹrin 2024, ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York láti wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé. Ènìyàn tó jókòó tì í ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé ń wárí fún.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti bá fóònù ta tán, ẹ ní kó wá bá yín ta. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó kọ́ yín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.