Egungun Àgbọ̀n Ìsàlẹ̀ àti Eyín Ọgbọ́n Rẹ̀
Egungun ọmọ ènìyàn, apá òsì, tí a gé ṣí. Òwú pupa àti òwú dúdú dúró fún iṣan ìmọ̀lára.

Eyín tí ó gbẹ̀yìn yìí kò sí lára àwọn tí à ń kì ní eyínfúnjowó, nítorí ẹ̀rín kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún 17 sí 25 ni ó sábà máa ń hù, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba gbogbo ilẹ̀ tán, òun ni ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja níhìn-ín bí àlejò tí kò rí ibi jókòó. Òwú pupa tí ó gba abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ kọjá ni iṣan tí ó ń fún ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n ní ìmọ̀lára. Gbòǹgbò ẹlòmíràn a máa sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣẹ́ abẹ lè gé orí eyín nìkan, kí ó fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú dúdú ni ó yẹ kí ojú pẹ́ lára rẹ̀. Bí eyín àti ahọ́n ti ń jà tó, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé: iṣan ahọ́n gba ẹ̀gbẹ́ eyín yìí gan-an, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó pín wọn níyà, nínú ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, awọ erìgì lásán ni ó bò ó. Nítorí náà ni abẹ ṣe ń gba ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, níbi tí egungun gbé nípọn.