Ilé Tí Gbogbo Ayé Ń Wò

Bí a bá fẹ́ mọ ìwà àwọn ará ilé kan, ṣebí a máa ń lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ni? A ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. A ó rí ẹni tí ń gbálẹ̀ àti ẹni tí ń sùn. Lóde òní, tẹlifíṣọ̀n ti gbé irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ yàrá wa. Ọ̀kan nínú wọn ni eré tí à ń pè ní Big Brother Naija.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin sínú ilé kan. Wọn kò ní jáde, wọn kò sì ní lo fóònù bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà ń wò wọ́n tọ̀sán-tòru. Àwa tí à ń wò wọ́n ló ń dìbò. Ẹni tí ìbò rẹ̀ kò bá pọ̀ á kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá kù gbẹ̀yìn ló gba owó.

Ilẹ̀ Netherlands ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999. Ó dé Nàìjíríà ní 2006. Ìgbà tó padà dé ní 2017, ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni ilé náà wà, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì dùn sí i. Ní 2019, wọ́n ṣe é ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn náà ni obìnrin kọ́kọ́ borí, Mercy Eke.

Kí ni a lè rí kọ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú ọdún 2021. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Whitemoney ló borí. Iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ilé náà ni oúnjẹ sísè. Àwọn kan yìn ín, wọ́n ní ọmọlúàbí ni. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n àtifi gba ìbò ni. Àwọn kan sì ń bèèrè pé, ṣé iṣẹ́ ọkùnrin ni ìdáná? Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ kan di ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya káàkiri ilẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń wòran ń sọ ń fi ìwà àwùjọ hàn, bóyá ju ohun tí àwọn tó wà nínú ilé ń ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n ká ṣọ́ra o. Fèrèsé kì í fi gbogbo àgbàlá hàn. Àwọn tó ni eré ló ṣa àwọn tó wọlé. Wọ́n á gé wákàtí 24 kù sí ìwọ̀nba díẹ̀, ìjà ló sì máa ń yá wọn lára láti fi hàn. Ẹni tó mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òun náà á máa ṣọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni ẹni tí à ń bú yẹn. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́. Ìjà ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó ká fi dárúkọ burúkú fún un títí ayé.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé eré àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 18 ni. Bí àwọn ọ̀dọ́ yín tó ti dàgbà bá ń wò ó, ẹ má kàn pariwo lé wọn lórí. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì jọ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún wò ó, ẹ mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀:

1. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ilé, ta ló ń jókòó?
2. Kí ló fa ìjà wọn? Ṣé irú rẹ̀ wà nílé tiwa?
3. Kí ni wọn kò fi hàn wá?