Ìjìyà Tí Kì Í Ṣe Ti Ẹ̀wọ̀n

Nínú èdè wa, ẹ̀wọ̀n ni irin tí a so kọ́ra, tí a fi ń de ènìyàn. Láti ara rẹ̀ ni ilé ẹ̀wọ̀n ti gba orúkọ. Orúkọ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ilé náà kò pẹ́ láàrin wa. Ní ọdún 1872 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ti Broad Street sílẹ̀ ní Èkó.

Àwọn baba wa náà a máa de ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹjọ́, ìdè kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ ní láti dá a padà, kí ó sì san ìtanràn lé e. Bí kò bá ní, àwọn ará ilé rẹ̀ a yá owó, wọn a sì fi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé, kò sì bọ́ títí a ó fi san owó náà tán. A kò wí pé ìdájọ́ àtijọ́ pé: wọ́n ń ta ọ̀daràn lẹ́rú, aláìṣẹ̀ sì lè di ìwọ̀fà nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò gbàgbé ẹni tí a ṣẹ̀.

Lónìí, bí a bá sọ olè sí ẹ̀wọ̀n fún oṣù mẹ́fà, kí ni elewúrẹ́ rí gbà? Ewúrẹ́ kò padà. Owó-orí rẹ̀ ni a tún fi ń bọ́ olè. Aya àti ọmọ ẹlẹ́wọ̀n ń pebi, òun fúnra rẹ̀ sì lè kọ́ iṣẹ́ ibi tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ṣí ọ̀nà mìíràn. Adájọ́ lè dá ìjìyà dúró, tàbí kí ó ní kí ẹlẹ́bi ṣe iṣẹ́ ìlú, bí oko ríro àti gọ́tà gbígbá. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí wákàtí márùn-ún lójúmọ́. Kò sí fún ẹni tí ó lo ohun ìjà, tàbí ẹni tí ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Òfin 2019 sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti bójú tó àwọn tí ń jìyà lẹ́yìn odi ẹ̀wọ̀n, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìlàjà láàrin ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ẹni tí ó ṣẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé àánú yìí pọ̀ jù. Kí wọ́n ro ti ẹni tí ń gbá gọ́tà lójú ọjà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ baba rẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, a ó fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́. Àwa olùkọ́ àti ará ìjọ ni ó kàn: kí a gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́, kí a má sì ṣe pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ olè.