Owó Tí A Ń Fi Ránṣẹ́ Láti Òkè-Òkun: Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lórí Àkáǹtì?

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ẹdẹ jẹ́ ti owó òkè-òkun. Ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ wà ní Abijan, àbúrò wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ kọ́lé, wọ́n fẹ́ san owó ilé-ìwé, wọn kò sì fẹ́ kí owó tí wọ́n ń dá nínú ẹgbẹ́ dáwọ́ dúró. Ọ̀nà wo ni owó náà yóò gbà délé, lórúkọ ta ni yóò sì wà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ ni ọjà, ilé àti gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n há sọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà wa ti ń kìlọ̀ fún ará ìdálẹ̀ pé kí ó máa fi owó ránṣẹ́ sílé. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan: owó lè délé tán kí ó má jẹ́ ti ẹni tó fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Ẹni tó wà lókè-òkun a máa sọ pé, "Ẹ san án sínú àkáǹtì bùròdá mi." Lójú báǹkì, owó bùròdá ni owó náà ti di. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, tí báǹkì sì gbọ́, wọn yóò ti àkáǹtì náà pa títí àwọn ọmọ olóògbé yóò fi gba ìwé àṣẹ ìpíngún láti ilé-ẹjọ́ gíga. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ yóò wá di ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí kiri láti fi hàn pé òun ló ni owó. Ọ̀ràn yìí kò sì ní kí bùròdá jẹ́ olè; olóòótọ́ náà ń kú. Nítorí náà, kí ará ìdálẹ̀ ní àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀, kí ó sì máa ti inú rẹ̀ san ìwọ̀nba tí ìyá yóò fi jẹun tàbí tí bíríkìlà yóò fi ra sìmẹ́ńtì fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Àkáǹtì náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí ọdún kan bá kọjá tí ẹni tó ni ín kò fọwọ́ kàn án, báǹkì yóò kà á sí èyí tó ń sùn. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2024, owó tó bá sùn fún ọdún 10 ni a ó kó lọ sọ́dọ̀ Báǹkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀. Olówó lè béèrè rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni nọ́ńbà tẹlifóònù. Bí a kò bá lo síìmù fún oṣù púpọ̀, iléeṣẹ́ tẹlifóònù lè gbà á kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni iṣẹ́ tí báǹkì bá rán yóò sì máa lọ. Kí ẹni tó ń rìnrìn àjò mú síìmù rẹ̀ dání, kí ó máa fi owó sí i. Ẹni tí kò tíì ní BVN, nọ́ńbà 11 tí báǹkì fi ń dá ènìyàn mọ̀, kò nílò láti wọ ọkọ̀ òfuurufú wálé nítorí rẹ̀ mọ́, nítorí láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ètò ti wà fún ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé lẹ́yìn odi láti gbà á níbi tó wà.

Ní ti iye owó, ẹ má wo kìkì ohun tí iléeṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ ń gbà. Ká ní ẹnìkan fẹ́ fi 100 pọ́n-ùn ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ kìn-ín-ní gba pọ́n-ùn 3, ó sì ṣẹ́ ìyókù ní 2,000 náírà fún pọ́n-ùn kan: 194,000 náírà ló dé. Èkejì ní òun kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́ ẹ ní 1,920: 192,000 ló dé. "Ọ̀fẹ́" ló wọ́n jù. Iye náírà tí yóò bọ́ sọ́wọ́ nílé ni kí ẹ máa béèrè.

Àwọn ará Ẹjìgbò, aládùúgbò wa, tí wọ́n pọ̀ ní Abijan, mọ èyí dáadáa. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ náà ni wọ́n ń ná ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà ó ṣeé gbé dé Kútọnu láìṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì sí owó Faransé, olówó kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ àjogún. Orúkọ ìbátan tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù báǹkì kò sọ ẹni náà di ajogún; ẹni tí báǹkì yóò wá ni, kì í ṣe ẹni tí yóò kó owó fún. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yàtọ̀. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Nàìjíríà gba ọmọ ẹgbẹ́ láàyè láti yan ẹni tí a ó fún ní ìpín rẹ̀ bí ó bá kú. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá wà lókè-òkun, tí kò tíì yan ẹnikẹ́ni, tàbí tí ẹni tó yàn ti ṣaláìsí, kí ó kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ẹni náà ní kíkún àti àdírẹ́sì rẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ara rẹ̀.