Igi ọ̀fẹ́ tó lè dáná sunlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé gáàsì àti iná mànàmáná nìkan ni wọ́n fi ń lé òtútù nínú ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan ṣì ń dáná igi nínú ààrò onírin, àgàgà látìgbà tí gáàsì ti gbówó lórí lọ́dún 2022. Bí ìjì bá wó igi sínú ọgbà aládùúgbò wọn, wọn a lọ tọrọ rẹ̀. Dandan ni ìtọrọ yìí, nítorí ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni igi tó wó. Ẹni tó bá gbé e láìgbàṣẹ lè dèrò ilé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n igi tútù kò ṣeé dáná. Omi inú rẹ̀ lè sún mọ́ ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ìyá tó bá ti fi igi tútù ro ọkà rí kò nílò àlàyé nípa èéfín. Èyí tó burú jù ni ọ̀dà dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èéfín. Ọjọ́ tí iná bá ràn án, ilé lè jó.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, òfin ti de àwọn tó ń ta igi díẹ̀díẹ̀: omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Òfin yìí kò kan igi ọ̀fẹ́. Sùúrù ẹni tó ṣà á ni yóò gbẹ ẹ́. Yóò là á, yóò tò ó kúrò nílẹ̀, yóò bo orí rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Bó bá gbẹ, orí rẹ̀ a sán, bí wọ́n bá sì gbá méjì lura, a dún ketekete. Igi ash lè gbẹ láàárín ọdún kan. Ẹni tí wọ́n bá ta igi oak lọ́rẹ lónìí, òtútù ọdún méjì sí i ló ń ṣètò rẹ̀ dè.